Kí Ọ́fíìsì Tó Fi Ìwé Ará Ìlú Lé Síkánà Lọ́wọ́

Ẹni tí ó bá kúrò ní Ajue ní òwúrọ̀ pẹ̀lú àpò ìwé lábẹ́ apá, tí ó ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó ní Orè, kì í fi ọ̀ràn ìwé náà ṣeré. Ó lè jẹ́ ìwé àdéhùn lórí oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ kọ ni ó gbé dání, tàbí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ, tàbí rìsíìtì àtijọ́ tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù kọ, tàbí ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà. Láyé àtijọ́, akọ̀wé yóò gba ìwé náà, yóò fi sínú fáìlì, ọ̀rọ̀ parí. Lónìí, ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ gbé e sórí dígí ẹ̀rọ kan, kí iná funfun sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀, kí ó sì dá ìwé náà padà fún ẹni tí ó ni ín. Láti ìgbà náà lọ, àwòrán ìwé náà ni ọ́fíìsì ní lọ́wọ́. Bí nọ́ńbà kan bá yí padà nínú àwòrán náà, tàbí tí òǹtẹ̀ bá pòórá níbẹ̀, ẹ̀tọ́ ẹni lórí ilẹ̀ tàbí lórí owó ìfẹ̀yìntì lè tipa bẹ́ẹ̀ mì.

Síkánà ni orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pe ẹ̀rọ náà. Ó ti wọ ọ́fíìsì ìjọba, ilé-ìwé, ilé ìfowópamọ́ àti ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń rà á kì í dán an wò ju pé kí wọ́n fi ìwé kan sí i, kí wọ́n rí i pé àwòrán jáde, kí inú wọn sì dùn. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò tó. A fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kan yẹ fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní irú ọ́fíìsì tí a ní, níbi tí ìwé ti gbó, tí iná ọba ń lọ tí ó ń bọ̀, tí eruku ọyẹ́ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni a kọ́kọ́ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé àti ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì yóò rí tiwọn mú níbẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ti pẹ́ láyé ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 1957, Russell Kirsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní National Bureau of Standards ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ kan ka fọ́tò ọmọ Kirsch, tí ó ṣì jẹ́ ìkókó, wọ inú kọ̀ǹpútà. Fọ́tò náà jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ní ìbú àti ní òró, wọ́n sì pín in sí àmì kéékèèké 176 ní ọ̀nà méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni síkánà òde òní ṣe ń ṣiṣẹ́: iná á tàn sí ìwé, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ta padà á wọ inú ojú ẹ̀rọ, ojú ẹ̀rọ á sì wọn bí ibì kọ̀ọ̀kan ti mọ́lẹ̀ tàbí ti ṣókùnkùn tó. Iye àmì náà ni ó ti pọ̀ sí i. Bí a bá ṣètò síkánà sí 300 dpi, a ń sọ fún un pé kí ó ka àmì 300 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ìwé A4 kan yóò di àmì 2,480 ní ìbú àti 3,508 ní òró, èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù 8 lápapọ̀. Bí a bá gbé e lọ sí 600, iye náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin, kò ní dúró ní ìlọ́po méjì. Fún ìwé ọ́fíìsì lásán, 300 tó. Ohun tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, fọ́tò àti àwòrán ilẹ̀ tí létà inú rẹ̀ kéré jọjọ ni kí a fi í pa mọ́ fún, nítorí ó ń jẹ àyè nínú kọ̀ǹpútà, ó sì ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Ẹni tí ń ta síkánà a máa fi ìwé funfun báláú tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde ṣe àfihàn. Kò sí síkánà tí kò ní yege nínú irú ìdánwò yẹn. Ẹ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì yín, kí ẹ ṣa nǹkan bí ogún ìwé tí ó le jù níbẹ̀. Ẹ mú èyí tí ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, àti ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù tí ó ti ń parẹ́. Ẹ mú ìwé tí ọ̀gá fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ sí etí rẹ̀, ìwé tí òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò gorí ìbuwọ́lù, èyí tí wọ́n ti ká sí mẹ́rin láti ọdún mélòó kan wá, rìsíìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi pín-ìnnì kan fọ́tò mọ́, ìwé kan tí nǹkan bí igba nọ́ńbà kún inú rẹ̀, àti ìwé Yorùbá tí a fi àmì sí dáadáa. Ogún ìwé yìí ni ìwọ̀n yín. Ẹ̀rọ tí kò bá lè ka àwọn wọ̀nyí, bí ó bá tilẹ̀ yára bí àṣá, kì í ṣe ti ọ́fíìsì yín.

Ìwé foolscap ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí ẹ̀rọ. Àwọn ọ́fíìsì wa ti lo foolscap fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gùn tó íǹṣì 13, nígbà tí dígí ọ̀pọ̀ síkánà tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò ju A4 lọ, tí gígùn rẹ̀ kò tó íǹṣì 12. Ìsàlẹ̀ ìwé ni ó ń ṣẹ́ kù síta. Níbo ni àwọn ènìyàn sì máa ń buwọ́ lù, tí wọ́n máa ń tẹ òǹtẹ̀ sí? Ìsàlẹ̀ kan náà ni. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ọ́fíìsì kan lo ọdún mẹ́ta ní kíkó àdéhùn ilẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà láìní ìbuwọ́lù ẹnì kankan nínú wọn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi rúlà wọn dígí náà. Bí ó bá jẹ́ irú ẹ̀rọ tí ń fa ìwé wọlé fúnra rẹ̀, ẹ béèrè gígùn ìwé tí ó lè gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa gba íǹṣì 14. Bí ó bá jẹ́ pé A4 nìkan ni ẹ ní, ẹ ya foolscap ní ẹ̀ẹ̀mejì, òkè àti ìsàlẹ̀, kí àárín wọn wọnú ara wọn, kí àwòrán méjèèjì sì wà nínú fáìlì kan.

Lẹ́yìn gígùn ni àwọ̀. Síkánà a máa fún wa láàyè láti yan dúdú àti funfun pátápátá, tàbí àwọ̀ eérú, tàbí àwọ̀ gidi. Dúdú àti funfun ni ó ń mú fáìlì kéré jù, ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fi tipátipá sọ gbogbo ohun tí ó bá rí di ọ̀kan nínú méjì. Pẹ́ńsù fẹ́ẹ́rẹ́ á di funfun, á sì pòórá. Ìwé tí ó ti pọ́n á di dúdú kirikiri, létà inú rẹ̀ á sì rì sọ́hùn-ún. Ẹ ya ogún ìwé yín ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èrò tiwa ni pé ìwé tí ó bá ti ní òǹtẹ̀ tàbí ìbuwọ́lù, àwọ̀ gidi ni kí a fi yà á. Bí òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò bá ti di dúdú, ẹni tí ó bá wo àwòrán náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò ní lè mọ̀ bóyá ìwé ojúlówó ni wọ́n gbé wá lọ́jọ́ náà tàbí fọ́tókọ́pì rẹ̀.

Ọ̀ràn nọ́ńbà ni ó le jù, a ó sì dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ní ọdún 2013, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Jámánì, David Kriesel, ṣàwárí ohun kan tí ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Iléeṣẹ́ kan fi àwòrán ilé sí inú ẹ̀rọ Xerox WorkCentre láti yà á. Yàrá mẹ́ta wà lórí àwòrán náà, wọ́n sì kọ ìwọ̀n wọn sí wọn lára: 14.13, 21.11 àti 17.42. Nígbà tí àwòrán jáde, yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di 14.13. Nọ́ńbà tí kò tọ́ náà kò ṣú, kò sì lọ́. Ó mọ́ kedere bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé ojúlówó lọ́wọ́ kò lè fura láéláé. Kriesel tún rí ibòmíràn tí 6 ti di 8. Iléeṣẹ́ Xerox gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé àtúnṣe jáde fún àwọn ẹ̀rọ wọn.

Kí ni ó fa á? Kí fáìlì lè kéré, ẹ̀rọ náà ń wá àwọn àmì tí ó jọra lójú ìwé. Bí ó bá rí létà tàbí nọ́ńbà méjì tí ó rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, á tọ́jú ẹyọ kan, á sì fi ẹyọ náà sí ibi méjèèjì. Ọgbọ́n dáadáa ni nígbà tí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí létà bá kéré, tí ìwé bá sì ti gbó, 6 àti 8 a máa jọ ìbejì lójú ẹ̀rọ.

Ẹ wo ohun tí èyí lè dá sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba a máa fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá ṣáájú. Bí 1966 bá di 1968 nínú àwòrán ìwé ọjọ́ ìbí, ọdún méjì ti wọnú ọ̀ràn náà, wọ́n sì lè pe ẹni tí kò mọ nǹkan kan ní oníjìbìtì. Bí nọ́ńbà òpó-ààlà kan bá yí padà nínú ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ oko kòkó, ọ̀nà tí yóò gbà yanjú lè gba ọ̀dọ̀ adájọ́ kọjá.

Ìdánwò tí a fi ń mọ ẹ̀rọ tí ń yí nọ́ńbà padà kò ní ọgbọ́n kankan nínú ju sùúrù lọ. Ẹ ya ìwé tí nọ́ńbà kún inú rẹ̀ ní gbogbo ìṣètò tí ẹ̀ ń rò láti lò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹni méjì sì jókòó tì í. Ẹnì kan á máa ka ti ojúlówó sókè, ẹnì kejì á máa fi bírò sàmì sí ti ẹ̀dà. Bí wọ́n bá dé ìdajì, kí wọ́n pààrọ̀ ọwọ́, nítorí ojú ẹni tí ó ti ń wo ohun kan fún ìgbà pípẹ́ a máa rí ohun tí ó ń retí. Ẹ ṣọ́ 3, 5, 6, 8, 9 àti òdo ju àwọn yòókù lọ. Iṣẹ́ náà ń súni, a mọ̀, ṣùgbọ́n kò ju ọ̀sán kan lọ. Bí ẹyọ nọ́ńbà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ wá ibi tí ẹ ti lè dín ìfúnpọ̀ fáìlì kù nínú ìṣètò ẹ̀rọ, kí ẹ sì tún un ṣe látòkè. Bí kò bá gbọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

Ọ̀pọ̀ síkánà ni ó tún ń sọ pé àwọn lè sọ àwòrán ìwé di ọ̀rọ̀ tí a lè wá nínú kọ̀ǹpútà. Fún Gẹ̀ẹ́sì, ó dára gan-an. Fún Yorùbá, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà. Ẹ kọ oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sórí ìwé kan, kí ẹ yà á, kí ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ kọ. Bí gbogbo wọn bá di oko, a jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ti sọ ọkọ ìyàwó àti ọkọ̀ akẹ́rù di ilẹ̀ tí a ń ro. Orúkọ ènìyàn pẹ̀lú ń jìyà rẹ̀: ẹni tí ó bá wá orúkọ kan pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ kò ní rí i bí ẹ̀rọ bá ti tọ́jú rẹ̀ láìní àmì. Ètò kan wà tí ń jẹ́ Tesseract, tí kì í gba owó, tí ó sì ní ìmọ̀ èdè Yorùbá nínú, ṣùgbọ́n òun náà ń fẹ́ kí ènìyàn tẹ̀lé e lẹ́yìn kí ó tún un kà. Títí di ìgbà tí ẹ ó fi rí èyí tí ó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ tẹ orúkọ onítọ̀hún sórí fáìlì.

Ní ti bí ẹ̀rọ ti yára tó, ẹ má ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ sí. Ìwé tuntun ni wọ́n fi wọn ìyẹn. Ẹ mú aago, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ti ń yọ pín-ìnnì lára ìwé títí di ìgbà tí ó bá fún fáìlì ní orúkọ. Ẹ ó rí i pé pín-ìnnì yíyọ àti ìwé títẹ́ ni ó gba ìdá tó pọ̀ jù nínú àkókò náà. Ẹ ka ìwé àádọ́ta kí ẹ tó fi wọ́n sínú ẹ̀rọ tí ń fa ìwé fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ka àwòrán tí ó jáde. Bí ó bá jẹ́ 49, ìwé méjì ti lẹ̀ mọ́ra wọlé. Ní àkókò òjò, tí ìwé bá ti rin díẹ̀, èyí kì í ṣọ̀wọ́n. Ìwé tí ó ti gbó ju kí ẹ̀rọ fà á lọ, orí dígí ni kí ẹ gbé e sí. Rọ́bà inú ẹ̀rọ lè fa ìwé ọdún 1950 ya sí méjì, kò sì sí àtúnṣe fún ìyẹn.

Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ lára gbogbo àwòrán, eruku ni ó wà lójú dígí tóóró tí ìwé ń gba orí rẹ̀ kọjá. Aṣọ rírọ̀ ni a fi ń nù ún. Ẹ ya ìwé ńlá tí a dì, irú rẹ́jísítà, pẹ̀lú. Àwọn síkánà pẹlẹbẹ kan wà tí ohun tí kò bá fara kan dígí kì í mọ́ lójú wọn, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà ní àárín ìwé, níbi tí a ti rán an pọ̀, á di èéfín. Ẹ má sì bẹ̀rù láti dán iná wò: ẹ jẹ́ kí iná lọ láàárín iṣẹ́, kí ẹ wá wo bóyá àwọn ìwé tí ẹ ti yà ṣáájú ṣì wà. Síkánà tí ń gba iná láti ara kọ̀ǹpútà alágbèéká kò ní dúró nígbà tí ẹnì kan bá ń sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kí irú ìdánwò yìí gbà, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tí yóò máa lò ó gan-an, kì í ṣe pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá tà á.

Àwọn kan ń béèrè pé ṣé fóònù kò tó. Ará ìpínlẹ̀ yìí ti rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà ìdìbò gómìnà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ INEC ya fọ́tò fọ́ọ̀mù èsì EC8A ní ibùdó ìdìbò, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ojú òpó IReV kí gbogbo ènìyàn lè wò ó. Ẹni tí ó bá wò wọ́n mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín fọ́tò tí a yà lórí tábìlì nínú ìmọ́lẹ̀ àti èyí tí òjìji ọwọ́ bò. Fóònù dára fún ọ̀ràn pàjáwìrì àti fún ìwé tí kò ṣeé gbé. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ọwọ́ ènìyàn kì í dúró gbọn-in bíi dígí.

Òfin pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ í sọ. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 84, gba ìwé tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde láyè ní ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó fi àwọn májẹ̀mú sí i, lára wọn ni pé kí ó hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Wọ́n ṣe àtúnṣe sí òfin náà ní ọdún 2023 láti fẹ̀ ẹ́ lójú sí i fún àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ. Ọ́fíìsì tí ó bá ti kọ ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, ìṣètò tí ó lò àti orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ní ohun tí ó lè fi hàn nígbà tí agbẹjọ́rò bá béèrè. Ẹ má ṣe sun ìwé ojúlówó nítorí pé ẹ ti yà á tán. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011, èyí tí a mọ̀ sí FOI, sọ ní abala 10 pé òṣìṣẹ́ tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba àkọsílẹ̀ tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ jẹ́ yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan ó kéré tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìwúlò ìwé ojúlówó, kí ó lọ sí ilé àkójọ ìwé ti orílẹ̀-èdè ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn fáìlì Ẹkùn Oǹdó ti ìgbà ìjọba amúnisìn wà títí di òní, tí àwọn ènìyàn ṣì ń lọ yẹ̀ wọ́n wò.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tún wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ń ṣe fọ́tókọ́pì àti síkánà pọ̀ a máa tọ́jú àwòrán ohun tí wọ́n yà sínú ara wọn. Ní ọdún 2010, ilé tẹlifíṣàn CBS ní Amẹ́ríkà ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní òkùú, wọ́n sì bá ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìwòsàn àwọn ènìyàn nínú rẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, fi ìtọ́jú irú nǹkan báwọ̀nyí sí ọrùn ẹni tí ó gbà wọ́n. Kí ẹ tó ta ẹ̀rọ tí ó ti gbó tàbí kí ẹ fi tọrẹ, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ̀ ń gbé ìwé wá láti Ajue àti àwọn abúlé tó yí i ká, iṣẹ́ kékeré kan kù fún yín. Kí akọ̀wé tó dá ìwé yín padà, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣí àwòrán náà kí ẹ jọ wò ó. Ẹ wo orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín, gbogbo nọ́ńbà tí ó wà lójú ìwé, kí ẹ sì wo ìsàlẹ̀ bóyá òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù wà níbẹ̀. Bí ìwé náà bá ní ẹ̀yìn tí a kọ nǹkan sí, ẹ béèrè bóyá ó ya ẹ̀yìn náà. Ẹ gba ìwé ojúlówó yín padà, ẹ wò ó pé tiyín gan-an ni, kí ẹ tó jáde lẹ́nu ọ̀nà.